Ogójì Ṣíà

Alẹ́ Ìṣẹ́gun ni, òtútù oṣù keje ń fi èékánná ha fèrèsé.
Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà nílé wa ní Oamaru,
ilé olókùúta funfun tí òkun ń mí sí létí.
Mo ra ṣíà ogójì, dọ́là márùndínlọ́gbọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan,
ẹgbẹ̀rún dọ́là géérégé.
Alágbàtà gba mẹ́ta tirẹ̀ lé e lórí.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé owó orí ẹ̀rọ,
mo tẹ bọ́tìnnì, mo nawọ́ sí ife tíì.

Kí ife tó kan ẹnu, ẹ̀rọ ti dájọ́:
ó ní mo ti ná an.
Ó to ẹgbẹ̀rún dọ́là mi sábẹ́ igi ìdáná,
sókè oògùn ológbò,
bí ẹni pé mo din ṣíà jẹ lóúnjẹ alẹ́.

Murdoch na ọrùn láti ẹ̀yìn àga mi.
"Noeline, ibo lowó wa gbà?"
Kò gba ibì kankan, aṣọ ló pààrọ̀.
Ó bọ́ ẹ̀wù owó sílẹ̀, ó wọ ẹ̀wù ìpín,
ó ṣì wà nínú ilé yìí, ẹ̀rọ ni kò dá a mọ̀.
"Kí ló wá dé tí wọ́n fi pupa kọ ọ́?"

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi wọn irun àgùntàn
ní ilé ìkẹ́rùsí etí èbúté.
Èyí tó wọlé, mo kọ ọ́. Èyí tó jáde, mo kọ ọ́.
Kò sọ́jọ́ kan tí òṣùwọ̀n mi pe ẹrù tó ṣípò padà
ní ẹrù tó sọnù.

Mo tún un kọ. Mo ní ó ti ibí lọ síbẹ̀ ni.
Ni a bá lówó lójijì!
Ọgọ́rin ṣíà dípò ogójì:
báńkì ti rojọ́ tirẹ̀, alágbàtà ti rojọ́ tirẹ̀,
ẹ̀rọ gba ẹlẹ́rìí méjèèjì gbọ́, ó sọ ọmọ kan di ìbejì.
Murdoch ti ra ọkọ̀ ojú omi lọ́kàn,
ó ti kùn ún ní búlúù, ó ń wá orúkọ fún un,
kí n tó pa ọ̀kan rẹ́.
Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo gbé ọkọ̀ náà rì.

Ó ku dọ́là mẹ́ta alágbàtà.
Ìyẹn lọ ní tòótọ́.
Mo dà á mọ́ owó tí mo fi rà wọ́n,
ṣíà kọ̀ọ̀kan di dọ́là márùndínlọ́gbọ̀n àti sẹ́ǹtì méje ààbọ̀.
Ààbọ̀ sẹ́ǹtì! Murdoch rẹ́rìn-ín.
Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Nítorí bàbá mi ra ogún abo àgùntàn
lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
ó fi wọ́n sórí pápá Alister McQuarrie lókè odò,
kò kọ ọ́ síbì kankan. Orí rẹ̀ ló fi ṣe ìwé.
Ìyá mi rò pé ó fowó náà mutí;
odidi ìgbà òtútù kan, "oúnjẹ ti délẹ̀" nìkan ló ń bá a sọ.
Nígbà tí ọkàn bàbá mi dákẹ́ lórí àtẹ̀gùn,
ìwé náà bá a wọlẹ̀.
McQuarrie ò sọ nǹkan kan, àfìgbà tó darúgbó,
tó ń wá ẹni tí yóò dárí jì í.
Gbogbo ọdún yẹn ni mo ti ń kà wọ́n
láti fèrèsé bọ́ọ̀sì ilé ìwé,
mi ò mọ ìdí tí mo fi ń kà wọ́n.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́rú, ọjà ti wálẹ̀, ẹ̀rọ tún fajú ro.
"A ti pàdánù," Murdoch ní.
Ka ṣíà náà. Ó kà á. Ogójì.
Owó irun lè já, àgùntàn ò dín.
Ó ní, "Àgùntàn a máa kú o."
Òótọ́ ni. Mi ò jiyàn.

Mo kọ ọjọ́, mo kọ iye, mo kọ dọ́là mẹ́ta.
Ní àyè kékeré tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àlàyé,
mo kọ orúkọ àwa méjèèjì,
kí ẹni tó bá ṣí i lẹ́yìn wa
má baà máa ka ohun ìní ara rẹ̀
láti fèrèsé bọ́ọ̀sì.